Àlejò àti Onílé

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ òní, èmi kọ́ ni mo mú un wá. Ìyá kan nínú kíláàsì wa ló mú un wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kó ìwé pélébé kan dání, tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ó ní, "Tíṣà, bàbá mi ló ni ín. Láti ọdún tí wọ́n ti lé wa kúrò ní Gánà ló ti wà nínú àpótí." Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá yìí fi ìka tọ́ ọ, ó sì kà á jáde fúnra rẹ̀. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo bá a ka ìyókù. Rìsíìtì owó ìsọ̀ ni, láti ọjà kan ní Kumasi. Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Bí bàbá mi bá ń sanwó fún wọn, kí ló dé tí wọ́n fi lé e?"

N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wádìí. Ohun tí mo rí nìyí.

Láyé àtijọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń ṣe olórí níhìn-ín àti ní Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Gánà nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin dé Kumasi ní 1903, ọjà ibẹ̀ sì gbòòrò. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìnísà, Ṣakí àti Ìlọrin ń tú lọ síbẹ̀. Ẹlòmíràn á ru igbá ọjà lórí láti abúlé dé abúlé. Nígbà tó bá yá, á gba ìsọ̀. Nígbà tó bá tún yá, á ránṣẹ́ pe àbúrò. Wọ́n ń ta aṣọ, abọ́, ìlẹ̀kẹ̀ àti nǹkan wẹ́wẹ́ gbogbo. Ibi tí wọ́n bá dé, wọn a kọ́ mọ́ṣáláṣí, wọn a kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Púpọ̀ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Gánà, àwọn oníṣòwò Yorùbá ló dá wọn sílẹ̀. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń sọ Twi bí ẹni ń mumi. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ìwé yín dà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1957, Gánà gba òmìnira. Àwọn tí wọ́n ti ń gbé pọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di onílé àti àlejò. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Ní Kumasi, àwọn Mùsùlùmí tó wà ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ní ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn, Muslim Association Party, ẹgbẹ́ náà sì ń bá ti Kwame Nkrumah, olórí ìjọba, fa wàhálà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjọba ní kí méjì nínú àwọn aṣáájú wọn, Amadu Baba àti Othman Larden, máa lọ sí Nàìjíríà. Àwọn méjèèjì gba kóòtù lọ, wọ́n ní ọmọ Gánà làwọn. Kóòtù kò tíì parí ẹjọ́ tí ilé aṣòfin fi ṣe òfin kan tó dárúkọ àwọn méjèèjì, wọ́n sì lé wọn. Kí ọdún náà tó parí, òfin mìíràn tún jáde pé kò gbọdọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó dúró lórí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà. Àwọn kan ní òfin yìí kò ní jẹ́ kí ìlú pín. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n àtipa ẹnu alátakò mọ́ ni. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin tó bá dárúkọ èèyàn méjì péré, mi ò mọ bí a ṣe fẹ́ pè é ní òfin.

Àwọn alátakò wá para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, United Party. Àwọn Mùsùlùmí Zongo wà nínú rẹ̀. Ta ni olórí rẹ̀? Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia ni. Ní 1959 Busia fúnra rẹ̀ sá kúrò nílùú. Ó ṣe àlejò ní Hóláàndì àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí àwọn sọ́jà fi gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní 1966. Ẹ fi orúkọ Busia yìí sọ́kàn.

Ó ku ohun kan. Ní 1963, kí Nkrumah tó lọ, òfin ti wà pé kí àlejò gba ìwé àṣẹ ìgbélùú. Inú ìwé ni òfin náà sùn sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa kò tilẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀, ẹni tó sì gbọ́ kò mọ̀wé kà.

Ní 1969 wọ́n dìbò, Busia wọlé, ó di olórí ìjọba. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba rẹ̀ kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, kó gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì o! Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà àwìn, ẹ mọ ohun tí mò ń wí: oníbàárà tó bá ti mọ̀ pé ẹ ń lọ, ṣé yóò sanwó? Wọ́n ta ilé, wọ́n ta ìsọ̀, wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ lówó pọ́ọ́kú. Ẹlòmíràn kò rí tà, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Lọ́rì ń kún, ó ń gba Togo àti Dàhómì, tí í ṣe Benin òde òní, kọjá wá. Ogun abẹ́lé kò sì tíì parí ní Nàìjíríà níbí. Ìlú tí wọ́n ń bọ̀ wá bá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò fojú kàn án rí. Lẹ́yìn wọn ní Gánà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ ṣófo.

Rìsíìtì ọwọ́ ìyá wa, ó fi hàn pé bàbá sanwó ìsọ̀. Kì í ṣe ìwé ìgbélùú. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn, kò sì dùn mọ́ mi nínú láti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti onílé náà. Àwọn àgbà ní onílé ń jẹ gbìngbindò, àlejò ń bèèrè ẹ̀wà. Ní Gánà nígbà náà, iṣẹ́ wọ́n, gbèsè wọ ìjọba lọ́rùn, àlejò sì pọ̀: ìkànìyàn 1960 fi hàn pé nínú èèyàn 100, bí 12 ló ti ilẹ̀ mìíràn wá. Ọ̀dọ́ Gánà tó jáde ilé ìwé, tí kò ríṣẹ́, tó wá rí ìsọ̀ àlejò tó tò bẹẹrẹ, inú rẹ̀ kò lè dùn. Ẹ má bínú o, àwọn èèyàn wa náà, ọmọ ilé ara wọn ni wọ́n máa ń gbà síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Gánà ló yin Busia. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn olóko kòkó fi wá lébìrà tì, nítorí àlejò ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kìíní 1972, àwọn sọ́jà gba ìjọba lọ́wọ́ Busia.

Bí mo bá dúró síbí, ẹ ó rò pé àwa nìkan ni wọ́n ṣẹ̀. Rárá o. Owó epo rọ̀bì dé sí Nàìjíríà, ìyà dé sí Gánà, àwọn ọmọ Gánà sì wá bá wa. Wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń ṣe bíríkìlà. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní 1979, tíṣà kò tó, ọmọ Gánà púpọ̀ ló wá kọ́ àwọn ọmọ wa. Lẹ́yìn náà owó epo já wálẹ̀. Ìjà ẹ̀sìn Maitatsine bẹ́ sílẹ̀ ní Kano ní oṣù Kejìlá 1980. Ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni olórí rẹ̀ ti wá. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé àlejò ló ń gba iṣẹ́ wa, àlejò ló ń jalè, àlejò ló ń dá ìjà ẹ̀sìn sílẹ̀. Ìjọba Shehu Shagari náà sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló kan aránṣọ Gánà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó nínú ìjà Kano? Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni! Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n fún ní oṣù kan sí i. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan. Gánà ti ti bọ́dà rẹ̀, Togo náà sì tì tirẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn há sí Benin láìsí oúnjẹ, títí Gánà fi ṣí ọ̀nà. Báàgì alápótí wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó ẹrù sí, ẹ mọ orúkọ tí a ń pè é títí dòní: Ghana Must Go. A tún lé àwọn mìíràn ní 1985.

Nígbà tí mo sọ èyí, ìyá náà ní òun rántí. Ó ní ọmọ Gánà kan ń gbé yàrá kejì sí tòun ní 1983, òun sì ra ìkòkò mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé èló. Ó ní, "Tíṣà, owó pọ́ọ́kú ni."

Ó ní ọmọ-ọmọ òun fẹ́ lọ ṣòwò ní Accra báyìí. Mo ní kó lọ, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 fún un ní ọjọ́ 90 láìgba físà. Bí ó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ìgbélùú ṣì ni. Òfin Gánà ti 2013 sì ya títa ọjà wẹ́wẹ́ nínú ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ti ìsọ̀ àwọn èèyàn wa pa ní 2019 àti 2020. Kó mú pásípọ́ọ̀tù, kó mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ìyá náà ní kí n dúró, kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. A dúró, ó sì kọ ọ́.