LẸ́TÀ OPÓ, ẸJỌ́ TỌKỌTAYA: BÍ ÌTÀN ṢE Ń YÍ OJÚ ẸNI PADÀ

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí)

  

Wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìwé kíkà àti fíìmù wíwò. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa sọ nínú ọkàn wọn pé kí ni ti ìtàn àròsọ nínú ayé Mùsùlùmí. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ẹni tí ó bá ti ka Suratu Yusuf mọ̀ pé ìtàn bàbá tí ó sọ ọmọ nù, tí ìbànújẹ́ sì sọ ojú rẹ̀ di funfun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé irú ìtàn wo ni, àti pé ojú ta ni a fi ń wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìwé tí mo mú wá jáde ní Dakar ní ọdún 1979. Mariama Bâ, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Senegal, Mùsùlùmí, ni ó kọ ọ́ ní èdè Faransé, ó sì pè é ní Une si longue lettre. Lẹ́tà gígùn kan ni gbogbo ìwé náà. Ní ọdún 1980, òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Noma fún ìwé tí a tẹ̀ ní Áfíríkà. Ní ọdún 1981 ni òǹkọ̀wé náà kú, ọdún náà gan-an sì ni ìwé náà jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Modupé Bodé-Thomas ni ó túmọ̀ rẹ̀, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí etí wa níhìn-ín.

Ramatoulaye ni ó ń kọ lẹ́tà náà. Ọkọ rẹ̀, Modou, kú lójijì, ó sì wà nínú idah, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 tí Suratul-Baqarah là sílẹ̀ fún opó. Ó jókòó sílé, ó ń kọ̀wé sí Aissatou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtikékeré tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n òǹkọ̀wé níbẹ̀. Àwọn tí kò mọ ẹ̀sìn wa a máa pe idah ní ẹ̀wọ̀n obìnrin. Mariama Bâ sọ ọ́ di yàrá ìrònú, níbi tí ẹnì kan ti ráyè wo ọgbọ̀n ọdún ẹ̀yìn láìsí ẹni tí yóò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé náà yóò rò pé ikú ọkọ ni àdánù tí ó ń sunkún rẹ̀. Bí a ti ń kà á lọ ni a ń rí i pé ó ti pàdánù ọkùnrin náà ní ọdún 5 ṣáájú kí ó tó kú. Lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ gbé fún ọdún 25, tí ó sì ti bí ọmọ 12, Modou lọ fẹ́ Binetou, ọ̀rẹ́ ọmọ wọn obìnrin ní ilé-ìwé. Kò sọ fún ìyálé. Nígbà tí wọ́n so yìgì tán ni ó rán àwọn mẹ́ta wá sílé: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, àti Lèmámù. Wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run àti kádàrá bo ọ̀rọ̀ náà lójú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n rí ẹkún tí wọn yóò máa ròyìn káàkiri. Modou kò sì padà wá sílé mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ibí yìí ni ìwé náà ti di tiwa. Aaya kẹta nínú Suratun-Nisaa' fún Modou láyè láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ṣùgbọ́n aaya náà gan-an ni ó fi ìdọ́gba ṣe gbèdéke. Ìyálé tí a pa tì fún ọdún 5, ìdọ́gba wo ni a ṣe sí i? Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí Ramatoulaye ti bú ẹ̀sìn nínú lẹ́tà rẹ̀, àwárítì ni yóò wá a. Ó pa idah rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ ogójì, ó ti dárí ji òkú náà, ó sì ń ṣe àdúà fún un lójoojúmọ́.

Ọjọ́ ogójì yẹn kan náà ni àwọn mẹ́ta ìjọsí tún wọlé. Tamsir, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ní òun yóò fẹ́ opó náà bí idah bá ti parí. Kò bèèrè, ó kéde ni. Nígbà náà ni obìnrin tí ó ti dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún la ẹnu rẹ̀, ó sì lé wọn jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó gbóná. Àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ọ̀ràn yìí dáadáa, opó ṣíṣú ni wọ́n ń pè é. Suratun-Nisaa', aaya kọkàndínlógún, ti kọ̀ ọ́ fún wa pé kí a fi ipá jogún obìnrin. Síbẹ̀ a rí Mùsùlùmí tí ó lè ṣírò ìdá mẹ́jọ opó láìṣì, tí kò sì mọ̀ pé opó fúnra rẹ̀ kò sí lára ogún.

Ṣùgbọ́n bí ìbínú nìkan bá wà nínú ìwé náà, n kì bá tí gbé e dé iwájú yín. Ojú obìnrin náà ń yí bí ó ti ń kọ̀wé. Binetou tí ó kà sí olè tẹ́lẹ̀, ó wá rí i pé ọmọ ilé-ìwé ni, tí ìyá rẹ̀ rọ̀ láti fẹ́ Modou nítorí owó. Òun fúnra rẹ̀ sì yí padà. Nígbà tí Modou kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ sí ilé sinimá. Àwọn ènìyàn ń wò ó bí ẹni wo àjèjì, àgbà obìnrin tí kò ní ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ń tì í lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí ó pẹ́, ìtìjú náà lọ. Ó ní òun rí ẹ̀kọ́ ìgboyà àti ìforítì kọ́ nínú àwọn fíìmù náà.

Àléébù kan wà tí n kò ní fi pamọ́: lẹ́tà ni, Modou kò sì ní ẹnu nínú rẹ̀. Ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni a gbọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ wo fíìmù ọmọ ilẹ̀ Ìránì kan, Asghar Farhadi, èyí tí ó jáde ní ọdún 2011, tí a mọ̀ sí A Separation. Ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní Berlin ní ọdún náà, ó sì gba Oscar ní ọdún 2012. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tọkọtaya kan, Nader àti Simin, jókòó síwájú adájọ́. Ìyàwó fẹ́ kí wọ́n kúrò nílùú. Ọkọ kò lè fi bàbá rẹ̀ arúgbó, tí iyè rẹ̀ ti ra, sílẹ̀. A kò rí adájọ́ náà. Àwa tí à ń wòran ni àwọn méjèèjì dojú kọ, bí ẹni pé àwa ni yóò dá ẹjọ́ wọn.

Simin kó lọ sí ilé òbí rẹ̀. Nader gba Razieh, aláboyún kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ wà nínú gbèsè, láti máa tọ́jú arúgbó náà. Nígbà tí bàbá náà tọ̀ sára, Razieh kọ́kọ́ fóònù láti bèèrè bóyá ẹ̀sìn gbà kí òun pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Nader bá bàbá rẹ̀ ní ìdè, ó bínú, ó ti obìnrin náà síta. Oyún sì bàjẹ́. Ó di ẹjọ́ ìpànìyàn. Nader ní òun kò mọ̀ pé ó lóyún, irọ́ sì ni. Razieh náà mọ̀ pé mọ́tò ti gbá òun ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kò sì sọ. Farhadi kò fi ìgbá náà hàn wá, nítorí náà ni a fi ń dájọ́ láìmọ ẹ̀kún rẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nínú ilé tiwa.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ san owó ẹ̀jẹ̀, Nader ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ fi Àlùkùránì búra pé òun ni ó fa ikú ọmọ inú náà. Àwọn tí wọ́n jẹ lówó jókòó, wọ́n ń dúró. Ọkọ rẹ̀ ń rọ̀ ọ́. Kò lè búra. Owó náà lọ.

Termeh, ọmọbìnrin Nader, ti parọ́ fún adájọ́ nítorí bàbá rẹ̀. Ní ìparí, wọ́n bi í pé ta ni yóò bá lọ nínú àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì. Ó ní òun ti pinnu, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá àti ìyá jáde. Ọ̀kan wà ní ìhà ìhín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹjọ́, ìkejì ní ìhà ọ̀hún, dígí sì wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni fíìmù náà parí sí. A kò gbọ́ ìdáhùn ọmọ náà. Mo fẹ́ gbọ́ láti ẹnu yín báyìí, ẹ̀yin obìnrin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ: ta ni ẹ rò pé ó mú, kí sì ni ìdí rẹ̀?