Ọ̀pá Ọwọ́ Afọ́jú: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ọmọ Ọ́tísímù àti Ojúṣe Ìjọba

    

Ìjẹ́wọ́ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá sílé mi ní Ajah. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta, kò tí ì sọ̀rọ̀. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀, kì í wẹ̀yìn. Ó to ìdérí ìgò sílẹ̀ gbọọrọ lórí ẹní mi. Nígbà tí mo ṣí ọ̀kan nípò, ó figbe ta. Mo dá Ifá, a rúbọ. Èyí kò burú. Ohun tí ó burú ni ọ̀rọ̀ tí mo fi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà: mo ní ọmọ náà ń bá ẹgbẹ́ ọ̀run ṣeré ni, kí ìyá rẹ̀ ní sùúrù, yóò sọ̀rọ̀ bí ó bá yá. Ó gbọ́ tèmi, ó sì dúró fún ọdún méjì. Èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, tí mo mọ̀ pé ìgbà kékeré ni ilẹ̀ èdè rọ̀ jù lọ, èmi ni mo ní kí ó dúró.

Ẹ̀yin awo mọ̀ pé Ìká Òfún ka gbígba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú mọ́ èèwọ̀ àwọn àgbà. Igi lásán ni mo ka ọ̀pá yẹn sí tẹ́lẹ̀. Lónìí, mo mọ̀ pé ohunkóhun tí àkàndá ẹ̀dá fi ń wá ọ̀nà rẹ̀ láyé ni ọ̀pá rẹ̀. Àsìkò ni ọ̀pá ọmọ yẹn. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ọ́tísímù? Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyá. Ọpọlọ ọmọ náà gba ọ̀nà mìíràn dàgbà ni. Ní ọdún 1943, Leo Kanner, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ó rí bẹ́ẹ̀. Lára ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wọn a máa tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ sọ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin òbí mọ èyí. Ẹ bi ọmọ pé, "Ṣé o fẹ́ mu omi?" Òun náà á ní, "Ṣé o fẹ́ mu omi?" Àwọn ará ilé á ní ó ń fi yín ṣẹlẹ́yà. Rárá o, omi ni ó lè máa tọrọ. Ó gbé odidi gbólóhùn bí ẹni gbé odidi iṣu, nítorí pé kò sí ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni ó lè kọ́ ọ bí a ti ń gé e.

Àwọn àgbà pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà. Orúkọ ńlá ni. Ṣùgbọ́n a kò sọ ọmọ ní ẹni òrìṣà kí a lè gbé e jù sọ́dọ̀ òrìṣà. Ohun ìní òrìṣà tí a fi sí wa lọ́wọ́ ni. A ó bi wá léèrè rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìjọba. Orúkọ kò wọ́n wọn, òfin kò wọ́n wọn. Ní ọdún 2011, Gómìnà Babatunde Fashola bu ọwọ́ lu òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí ó dá àjọ LASODA sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu ti orílẹ̀-èdè. Òfin yìí fún àkàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì fún àwọn tí ó ni ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe kí àkàndá ẹ̀dá lè wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024.

Ẹ wá wo ibi tí ìtọ́jú wà. Modupe Cole, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó ń gba irú àwọn ọmọ wọ̀nyí, Akọ́ka ni ó wà. Ẹ̀ka àwọn ọmọdé ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, Òṣòdì ni ó wà. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà. Ẹni tí ó ti Ajah gbéra yóò gba ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, yóò fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, yóò la ọ̀sà kọjá, pẹ̀lú ọmọ tí fèrè dánfó ń gún létí bí abẹ́rẹ́. Àwọn ilé ìtọ́jú aládàáni wà ní Lekki níbí, wọ́n ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n owó wọn kọjá agbára ìyá tí ń ta ẹja lọ́jà Ajah.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ìwé ẹ̀bẹ̀ wa sí LASODA, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó àti Ìjọba Ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà ń béèrè.

Èkíní, kí wọ́n dá ibùdó àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní apá Ajah, kí wọ́n sì kọ owó rẹ̀ sínú ìṣúná ọdọọdún, kí ó má baà jẹ́ ilé tí a ṣí níwájú oníròyìn tí a sì tì lẹ́yìn wọn.

Èkejì, kí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé máa bi àwọn ìyá léèrè ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára: Ṣé ọmọ ń dáhùn orúkọ rẹ̀? Ṣé ó ń fi ìka tọ́ka sí ohun tí ó fẹ́? Abẹ́rẹ́ kò fa ọ́tísímù. Ọjọ́ tí gbogbo ìyá ń wá ni mo fi mú un.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí yóò lè fi Yorùbá ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn òbí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ sí ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kò gbè wọ́n lẹ́yìn: èdè méjì kì í dá ọ́tísímù sílẹ̀, kì í sì í mú un le sí i. Bí a bá gba èdè ìyá àgbà kúrò létí ọmọ, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀ nílé?

Àwa awo náà ní tiwa. Kí a dá Ifá, kí a rúbọ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà gan-an ni kí a ní kí ìyá gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má pe ọmọ ní emèrè kí ó lè gba owó. Àwọn àgbà ní, òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi.

Ìyá ọmọ yẹn jókòó láàárín wa lónìí. Ó ti dárí jì mí. Ìdáríjì rẹ̀ kò lè dá ọdún méjì padà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ láìfọwọ́ sí i.

Kí Ọbàtálá má ṣe rí wa bí ẹni tí ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Àṣẹ.