Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Inú Lẹ́tà Iṣẹ́



Ní 1861, McCoskry ni adelé gómìnà l'Ékòó. Àwọn baba wa kò bá orúkọ yẹn jìjàkadì. Wọ́n wo irùngbọ̀n rẹ̀ tó pọ́n, wọ́n pè é ní Apọ́ngbọ̀n. Òun ni àdúgbò náà ń jẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ọ̀gá fi dá ni dúró kò ní irùngbọ̀n tí a ó fi mọ̀ ọ́n.

“In lieu of notice”: “lúù” ni ẹ pe “lieu”, “líù” náà tọ̀nà. “Dípò” ni ìtumọ̀ rẹ̀: owó dípò nótíìsì. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 ní kí ẹni tó ti lo ọdún 5 gba nótíìsì oṣù kan, ó kéré tán.

“Ex gratia”: ẹ pè é ní “ẹ́kìsì gréṣà”. Èdè Látìn ni: owó àánú, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sídìí owó ẹ̀tọ́ yín, wọ́n ti sọ gbèsè di sàráà nìyẹn.

Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí kò yé yín. Ẹ kọ́kọ́ mú un wá sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka. Abèèrè kì í ṣìnà.