Kẹ̀kẹ́ Nìkan Ò Tó

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ìpàdé gbogbogbòò sọ. A gbé e síbí fún ẹ̀yin tẹ́ ò ráàyè wá.

Wọ́n ní kí n má pẹ́, mi ò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná. Ṣé ó ti tó? Ó dáa.

Àwọn ọmọ kan wà nílùú wa, àwọn míì ti dàgbà, tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn ọ̀pá ẹ̀yìn tí àwọn dókítà ń pè ní spina bifida. Egungun ẹ̀yìn wọn ò padé tán nínú oyún, okùn iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀, sí àpòòtọ̀ àti sí ìdí sì fara gbọgbẹ́. Láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ tí oyún dúró ló máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé bi ìyá ọmọ pé kí ló jẹ, ta ló ṣẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ bímọ, tẹ́ ẹ bá ti ń lo folic acid 400 microgram lójúmọ́ kí oyún tó dé, ó ń dín in kù gan-an. Ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ìwọ̀n tirẹ̀ pọ̀ jùyẹn lọ, dókítà ló máa sọ ọ́. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀, torí àwọn tó ti wà láyé ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Àwa ẹgbẹ́ ìlú, ohun tá a mọ̀ ọ́n ṣe ni ká ra kẹ̀kẹ́ arọ (èmi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn, àmọ́ òun lẹ mọ̀), ká gbé ọmọ sí i, ká ya fọ́tò. Kẹ̀kẹ́ dáa. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí wọ́n rà láìwọn ọmọ, tó fẹ̀ jù ú lọ, ọgbẹ́ ló máa dá sí i nídìí, kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Àti pé, ibo ló fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ tí ìtọ̀ bá ń dà sí i lára?

Ọmọdébìnrin kan tí mo mọ̀ kì í mu omi láti àárọ̀ títí iléèwé á fi jáde, kó má bàa tọ̀ sára níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú oòrùn wa yìí! Àìmumi yẹn, kíndìnrín ló ń san gbèsè ẹ̀. Ìtọ̀ tí ò jáde tán nínú àpòòtọ̀ á di àrùn, á sì máa padà sókè lọ ba kíndìnrín jẹ́. Ó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn tí ẹsẹ̀ ò pa.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ò le. Lọ́dún 1972, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Jack Lapides, fi hàn pé èèyàn lè fi rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní catheter fa ìtọ̀ ara rẹ̀ nílé, pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́ tónítóní. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é ní wákàtí 3 sí 4 síra. Nọ́ọ̀sì ló máa kọ́ ìyá. Tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn lè ṣe é fúnra wọn. Ìgbẹ́ náà, wọ́n máa ń fi í sí àkókò kan náà lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, títí á fi mọ́ ara lára. Kí rọ́bà má jẹ́ latex o, torí latex kì í bá ọ̀pọ̀ nínú wọn lára mu: ìbọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì, bàlúùnù ọjọ́ ìbí, gbogbo ẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ yẹn ti máa ṣe é? Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé tí ò nílẹ̀kùn? Èyí tó nílẹ̀kùn, ṣé omi wà níbẹ̀? Ṣé ọṣẹ wà? Yàrá kékeré kan là ń wí: kó ní kọ́kọ́rọ́, kó ní omi, kó ní irin ìdìmú lára ògiri, kí ilẹ̀kùn ẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Mi ò rò pé owó ẹ̀ tó owó kánópì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tá a háyà lọ́jọ́ ìlú tó kọjá. Ẹ má bínú, ọmọ yín ni mí.

Gbọ̀ngàn wa tuntun ńkọ́? Àtẹ̀gùn ló wà lẹ́nu ọ̀nà nínú pláànù tí wọ́n fi hàn wá, kò sí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ibi tó bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ lè gùn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Èyí tó bá dúró ṣánṣán jùyẹn lọ, ti ojú ayé lásán ni. Òfin àwọn akanda ẹ̀dá tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe é. Ọdún 5 yẹn ti pé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé pẹ̀lú wọn, ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìdí wò lálaalẹ́, ẹ lo dígí. Omi gbígbóná lè bó o láìmọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí ọ̀kadà, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà, torí salẹ́ńsà á jó o, kò sì ní pariwo. Àwọn tí wọ́n fi rọ́bà sí lórí láti máa fa omi kúrò ńkọ́? Tí orí bá ń fọ́ ọ, tó ń bì, tó ń sùn lásùnjù, ẹ má kàn pè é ní ibà. Ilé ìwòsàn tó ní dókítà ọpọlọ, bíi UCH Ìbàdàn, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ilé máa jókòó kí wọ́n tó da ìpìlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí gúrúùpù àdúgbò yín pé ẹ fẹ́ rí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn nínú pláànù. Ẹ̀yin tókè òkun tẹ́ ẹ fẹ́ fi catheter ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ìyá ọmọ ní nọ́ńbà tó ń lò. Ẹni tó bá mọ ìdílé tó ní irú ọmọ yìí, kó gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kó wá kàn sí mi níkọ̀kọ̀. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ sórí gúrúùpù, ẹ má sì fi fọ́tò ẹ̀ síbẹ̀.