Ilojo Bar ní Tinúbú: Ìtàn Ilé Kan àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ìdílé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá)

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé àtijọ́ àti àwọn tó gbé inú rẹ̀. Mo mú ilé kan tí ọ̀pọ̀ wa ti kọjá níwájú rẹ̀ rí ní Èkó: Ilojo Bar, ojúlé kejì, òpópónà Bámgbóṣé, létí Tinúbú Square.

Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn fúnra wọn tàbí àwọn ọmọ wọn padà wálé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé bọ̀: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. Ìdílé Fernandez kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí ní 1855, wọ́n ń ta oúnjẹ àti ọtí níbẹ̀. Orí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ọnà sì wà lára ògiri rẹ̀.

Ní 1933, Alfred Ọláìyá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì, rà á. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ilojo Bar tàbí Ilé Ọláìyá. Victor Ọláìyá afunfèrè, tí gbogbo wa ti jó sí orin rẹ̀, ọmọ bàbá yìí ni.

Ní 1956, ìjọba kéde ilé náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni, títí kan onílé, kò gbọdọ̀ wó o láìgba àṣẹ.

Ṣùgbọ́n ìkéde kì í kan páànù. Òjò ń rọ̀, igi ń jẹrà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń pọ̀ sí i. Ilẹ̀ Tinúbú náà, ẹ mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ẹni tó jogún irú ilé bẹ́ẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ ni, kò sì lè ṣe é bó ṣe wù ú. Síbẹ̀, òun ni òjò ń pa. Lọ́jọ́ Sunday, 11 September 2016, wọ́n wó ilé náà lulẹ̀, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún tí ìjọba ti kéde rẹ̀. Àwọn kan ní ó ti gbó, ó lè wó pa èèyàn. Àwọn kan ní ó ṣeé túnṣe. N kò wá dá ẹjọ́ náà. Ilé ti lọ, kò sì sẹ́jọ́ tó lè dá a padà.

Ẹ wá wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ọwọ́ àwọn Àgùdà wà nínú kíkọ́ tirẹ̀ náà, ó sì dúró dòní. Wọ́n ń kírun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń lo ilé ló ń tètè mọ ibi tó ń jò.

Ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ wa ló ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá nílé, tí ìjọba kankan kò ní kéde. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ wá fún. Èkíní, kí a jókòó ti àwọn àgbà tó kù, kí a kọ ìtàn ilé sílẹ̀: ta ló kọ́ ọ, ta ló gbé yàrá wo, ta ni wọ́n sin síbẹ̀. Kí a ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa dá owó òrùlé lọ́dọọdún, kì í ṣe ìgbà tí a bá fẹ́ sìnkú nìkan. Ẹ̀kẹta, kí a jọ fọwọ́ síwèé, nígbà tí a ṣì ń rẹ́rìn-ín síra wa, pé ẹnì kan kò ní dá ilé tà.

A ní lọ́yà, a ní sọ̀feyọ̀, a ní bíríkìlà nínú ẹgbẹ́ yìí. Bí kálukú bá yọ̀ǹda ọjọ́ kan lọ́dún, ilé mélòó ni a kò ní gbà sílẹ̀ kí ogún ọdún ẹgbẹ́ tó pé?

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí. Ilé bàbá wa kò ní di àlàpà. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.