Ojú Àpótí Onígi: Ọ̀rọ̀ Ìṣítí ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ni ti kámẹ́rà onígi tí àwọn ayàwòrán àtijọ́ fi ya àwọn bàbá wa.

Àpótí lásán ni ara rẹ̀. Igi màhógánì, ìbátan ọ̀gáńwó wa, ni wọ́n sábà fi ń kàn án; awọ tí a ṣẹ́ léra bí ẹwìrì ni ó so iwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ayàwòrán a gbé e lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, a fi aṣọ dúdú borí, a sì máa wo ènìyàn nínú dígí ẹ̀yìn, orí nílẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Lẹ́yìn náà, a fi dígí tí a ti kùn ní oògùn síbẹ̀, a ṣí ìdérí iwájú, a ka iye tí ó mọ̀, a sì dé e padà.

Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Lẹ́ǹsì, èyíinì ni awò iwájú, ni ojú àpótí náà. Ní 1839, nígbà tí a fi iṣẹ́ Daguerre han ayé, ìmọ́lẹ̀ tí lẹ́ǹsì ń gbà wọlé kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ní láti jókòó láìmira fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ní 1840, Joseph Petzval, olùkọ́ ìṣirò ní Vienna, gbé lẹ́ǹsì onídígí 4 kalẹ̀, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po 10 ti ìṣáájú lọ. Àárín àwòrán a mọ́ kedere, etí rẹ̀ a ṣe bàìbàì: ó yẹ ẹnì kan, kò yẹ agbo ilé. Ní 1866, Dallmeyer ní London àti Steinheil ní Munich, láìgbìmọ̀ pọ̀, mú awò méjì tí ó jọra bí ìbejì kọjú sí ara wọn. Láti ìgbà náà, ògiri ilé kò wọ́ nínú àwòrán mọ́.

Irú irinṣẹ́ báyìí ni ó wọ Èkó. George Da Costa, tí a bí ní 1853, ṣí ilé àwòrán rẹ̀ níbẹ̀ ní 1895. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé tí Allister Macmillan tẹ̀ jáde ní 1920, a sì ń rí i títí di òní. Ti ìlú wa kò sí nínú ìwé. Ẹ̀yìn ilé ni ó wà. Bí ayàwòrán bá kú, àwọn ọmọ a pín ilẹ̀, wọn a pín aṣọ, wọn a sì da dígí sí ààtàn. Wọn kò mọ̀ pé a ṣì lè tẹ ojú baba-ńlá ẹni jáde lára dígí náà.

Nítorí náà, mo bẹ Ẹgbẹ́ yìí kí ó fún wa ní kọ́bọ́ọ̀dù kan ní gbọ̀ngàn ìlú. Ẹni tí ó bá ní dígí, kí ó dì í mú létí, kí ó fi bébà wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tò ó lóòró. Kí a má gbé lẹ́ǹsì sí ibi ọ̀rinrin, kí ó má baà bu bí búrẹ́dì. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi, ẹ wo inú àpótí yín pẹ̀lú. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú àwòrán, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà pẹ̀lú wa. Dígí a máa pa ojú mọ́, kì í pa orúkọ mọ́.

Kí ìlú wa ó máa tẹ̀ síwájú.