Ọ̀wọ́ Àwòrán àti Àká Rẹ̀ Nínú Kámẹ́rà Iléeṣẹ́

Iṣẹ́ ṣíṣọ́ ni kámẹ́rà iléeṣẹ́ ń ṣe. Ó lè máa wò ó bóyá ìdérí jókòó dáadáa lórí ìgò tó ń sáré kọjá. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kan ṣoṣo kì í sì í tó o. Ọ̀wọ́ àwòrán ni wọ́n ń fẹ́: kí àmì kan dé, kí kámẹ́rà ya 100 léraléra, kó sì dúró de àmì mìíràn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀ máa ń yára ju wáyà lọ. Àwòrán dúdú-àti-funfun tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 1920, tó ga tó 1200, tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan gba báìtì 1, jẹ́ báìtì 2,304,000. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ń ya 160 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 369 ló ń wá ọ̀nà jáde. Wáyà GigE Vision oní-gígábíìtì 1 kì í gbé ju nǹkan bíi 115 lọ. Àwòrán bíi 50 nìyẹn.

Àká, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bọ́fà, ni àwòrán tó kù ti ń dúró. Ẹni tó bá ti gbé àgbá sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ rí mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: òjò ń dà sínú rẹ̀ kíkankíkan, ihò kékeré ìsàlẹ̀ ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Àgbá kò sọ ihò di ńlá. Sùúrù ló rà fún un.

Ìṣirò ló yẹ kó ṣáájú ètò. Ìdá 0.625 ìṣẹ́jú àáyá ni yíya àwòrán 100 yóò gbà. Láàárín àkókò yẹn, wáyà yóò ti gbé 31 lọ. 69 yóò kù, mẹ́gábáìtì 159. Àká oní-mẹ́gábáìtì 128 yóò kún kí ọ̀wọ́ náà tó pé, ní nǹkan bí àwòrán 80. Bí àyè tilẹ̀ gbà wọ́n, ìṣẹ́jú àáyá 2 ni yóò gbà láti ìgbà tí àmì dé títí àká yóò fi ṣófo. Àmì tó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò bá omi nínú àgbá. Àtúnṣe tó dára jù ni kí a gé àwòrán kù. Bí ọrùn ìgò nìkan ni a fẹ́ wò, tí Height, ìyẹn gíga àwòrán, di 600, tí ìyára yíya kò sì yí padà, nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 44 péré ni àká yóò gbà.

Nínú ìlànà GenICam fún ṣíṣètò kámẹ́rà, tí ẹgbẹ́ EMVA ń bójú tó, FrameBurstStart ni a ń yàn ní TriggerSelector. Lẹ́yìn náà ni TriggerMode yóò di On, tí AcquisitionBurstFrameCount yóò sì di 100. Kí ti FrameStart wà ní Off, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán kọ̀ọ̀kan yóò máa dúró de àmì tirẹ̀. ExposureTime kò gbọdọ̀ tó 6,250, nítorí ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ni a fi ń kà á.

Àká kejì wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí ètò tó ń yẹ àwòrán wò bá lọ́ra, tí kò dá àyè padà lásìkò, àwòrán tó ń bọ̀ kò ní ríbi sọ̀ sí. Kí àyè ibẹ̀ tó àwòrán 100, mẹ́gábáìtì 230, èyí tí kò wúwo fún kọ̀ǹpútà òde òní.

Nọ́ńbà ara àwòrán ni ẹ̀rí bóyá gbogbo wọn dé. Bí 57 bá tẹ̀ lé 55, ọ̀kan ti sọnù, àyẹ̀wò ìgò náà kò sì pé.